Fèrèsé Kan ní Grimsby

Aago mẹ́rin òru kù díẹ̀. Òtútù etíkun
ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ ilé ìkó-ẹja-sí,
èmi nìkan ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí,
mo wọ kóòtù méjì, mo fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe ìbọ̀wọ́.

Ètò tó ń tẹ lébẹ̀lì fún páálí ẹja
dàgbà ju àkọ́bí mi lọ.
Ọ̀gbẹ́ni Staniforth ló kọ ọ́; ó ti fẹ̀yìn tì,
ó ń sin ẹyẹlé ní Louth, kì í gbé fóònù.
Lálaalẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣí i,
kó tẹ F7, kó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀mẹta,
kó dúró.
Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti jẹ́ ẹnì kan yẹn.

Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo kọ ìwé àṣẹ:
jí i.
Wá fèrèsé rẹ̀.
Di fèrèsé náà mú, gbé e síwájú,
fi ìka tí kì í ṣe ìka tẹ ohun tí ìka mi ń tẹ̀.

Ó jí. Mo wá a. N kò rí i.
Ẹ̀rọ ní kò sí fèrèsé kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,
fèrèsé ọ̀hún sì rèé, gbangba, ó ń wò mí lójú.

Àbí mo yára jù ni? Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí
kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́; yóò nujú ná.
Mo fi ìlà kan kún un: sùn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.
Ẹ̀rọ sùn. Èmi tí mo ní kó sùn kò sùn.
Mo sọ ọ́ di mẹ́wàá. Oorun òmùgọ̀ ni oorun tí a fi òǹkà wọ̀n:
bó kéré, o jí kí àlejò tó dé;
bó pọ̀, ẹja ń dúró lórí bẹ́líìtì.
Mo pa ìlà náà rẹ́. Mo ní: wò ó, bí o kò bá rí i,
mí lẹ́ẹ̀kan, kí o tún wò ó.

Mo fi nọ́ńbà tí wọ́n fún un nígbà tó jí wá a.
Nọ́ńbà ọ̀hún ti kú.
Ẹni tí mo jí kọ́ ló ṣí fèrèsé:
ó bí ọmọ kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ọrùn ọwọ́ ìyá ni mo dì mú; afẹ́fẹ́ ni mo dì.

Mo fi orúkọ tó wà níwájú orí rẹ̀ wá a.
Lánàá, "Hádọ́ọ̀kì, Ọjọ́ Ajé" ló ń jẹ́.
Lónìí, "Kọ́ọ̀dù, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun".

Ẹ̀rín pa mí. Káàdì tó so mọ́ mi lọ́rùn
ní Flo ni mí. Báńkì kọ Folabomi,
láìsí àmì kan lórí, bí ẹni tó bọ́ra sínú òtútù.
Ìyá mi ní Ìkìrun nìkan ló ń pè mí ní Àwẹ̀ró;
ìyẹn ni mo lè jẹ́ lójú oorun.

Ìgbà yẹn ni mo tú ikùn fèrèsé náà wò.
Lábẹ́ orúkọ ojoojúmọ́, orúkọ kan wà níbẹ̀
tí wọn kò kọ síta, tí kì í yí padà,
èyí tí Staniforth sọ ọ́ nígbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀.
Bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá ẹyẹlé kan.
Mo pè é: Marjorie.

Ó yíjú.
Ó ti ẹ̀yìn àwọn yòókù dìde wá síwájú,
"Bẹ́ẹ̀ ni" rì, ó dìde, ó rì, ó dìde, ó rì,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wúkọ́, lébẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Mo wà nídìí kẹ́tùlù nígbà tí Danuta gbé korobá wọlé.
Ó rí àga òfìfo, ó rí iṣẹ́ tó ń ṣe ara rẹ̀,
ó fọwọ́ sàmì àgbélébùú láyà.
"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"
Mo fẹ́ ṣàlàyé. Tíì ti ń gbóná lọ́wọ́ mi.
"Marjorie," ni mo wí.
Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.